Orúkọ Àbúrò Mi Ni Mo Fi Gbá Bọ́ọ̀lù Kiri

Bí mo bá jókòó lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ilé wa ní Ajara, ní Badagry, àwọn ọ̀dọ́ máa ń yà bá mi. Ìbéèrè wọn kì í yí padà: "Bàbá, báwo nìlú òyìnbó ṣe rí?" Mo máa ń sọ fún wọn nípa yìnyín, nípa pápá tó tẹ́jú bí orí tábìlì, nípa ọ̀dùnkún díndín tí wọ́n ń jẹ lójú títì nínú òtútù. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dìde, wọ́n á máa lọ. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń sọ ìtàn yìí, ohun kan wà tí mo máa ń fò níbẹ̀. Lónìí mo fẹ́ sọ ọ́ láìfò nǹkan kan.

Àárín pápá ni mo ti gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń gbá àárín kì í sábà gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn, kó gbé e fún ẹni tó wà níwájú. Mo mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ní gbogbo ìlú tí mo dé, n kò pa bọ́ọ̀lù mọ́ sẹ́sẹ̀ mi ju bó ti yẹ lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbà tí n kò dá padà lásìkò, kì í ṣe orí pápá ni mo ti gbà á.

Àpótí ìyá wa

Mo ka ìwé ní yunifásítì. Jọ́gíráfì ni mo kà, mo sì lè fi ìka tọ́ka sí gbogbo odò ilẹ̀ Yúróòpù lórí àwòrán. Nígbà tí àwọn tó ṣáájú wa kàwé tán, iṣẹ́ ló ń wá wọn kiri. Nígbà tó kàn wá, ológun ti gbàjọba, ilé-iṣẹ́ ń lé òṣìṣẹ́ dànù, àwa sì ń tò lórí ìlà nítorí mílíìkì àti ọṣẹ. Ẹni tó bá yà lórí ìlà, ṣọ́jà á fi kòbókò rán an létí. Mo jókòó sílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mi. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú Apá kí ìrònú má baà pa mí.

Apá yẹn ni ọkùnrin kan láti Kútọnu ti rí mi. Mùsé ni gbogbo wa ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa wá agbábọ́ọ̀lù fún àwọn ẹgbẹ́ òkèèrè.

"O mọ bọ́ọ̀lù gbá," ó ní. "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n."

Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan gbọ́. "Má sọ ọ́ sókè mọ́. Àwọn òyìnbó ò ra àgbà òbúkọ. Lọ wá ìwé ẹni ogún ọdún wá, kí o wá bá mi."

Mo ní àbúrò kan, Sẹ̀wánú. Àwa méjì péré ló kù fún ìyá wa. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwòrò. Ojú wa jọra débi pé àwọn tó ń ta ẹja máa ń béèrè gbèsè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ìyá wa, tó jẹ́ Gùn, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní Ègùn, ló ń kó ìwé wa pamọ́ sínú àpótí rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló ṣí i.

"Sẹ̀wánú, ẹ̀gbọ́n ẹ fẹ́ yá ìwé ẹ. Ìwé ìbí, àti ìwé ẹ̀rí."

Sẹ̀wánú rẹ́rìn-ín. "Ṣé Fòfó fẹ́ wá bá mi kọ́ kíláàsì kìíní ni?" Fòfó la máa ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin nílé wa.

Mo ṣàlàyé fún un. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Bí ẹ bá ń jẹ́ Sẹ̀wánú lọ́hùn-ún, kí lèmi á wá máa jẹ́ níhìn-ín?"

"Ìwọ ṣì ni Sẹ̀wánú nílé," ìyá wa ní. "Ó kàn fẹ́ bá ẹ jẹ́ orúkọ ẹ lọ́nà àjò ni."

"Fún ọdún mélòó?"

"Ọdún méjì," ni mo dáhùn kíá.

Ìyá wa wá fi ìka kan ìwé náà. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì. Abọ́ tí a yá kì í padà lófìfo." Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun sí wa. Bí aládùúgbò bá fi abọ́ gbé oúnjẹ wá fún wa, ìyá wa kò ní fọ̀ ọ́ kó sì dá a padà lásán láé. Bó bá jẹ́ iyọ̀ ló kù nílé, iyọ̀ ni yóò bu sí i.

Sẹ̀wánú wé ìwé méjèèjì sínú ọ̀rá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. "Ó dáa, Fòfó. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí omi kàn án."

Kútọnu

Ibodè wà ní títì nígbà náà. Ẹni tó bá mọ ọ̀sà mọ bí a ṣe ń kọjá, n kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú omi gbé èmi àti Mùsé dé Àjàṣẹ́ lódìkejì ibodè, ó sì yà mí lẹ́nu pé n kò rí òkèèrè tí mo ń retí. Gùn ni wọ́n ń sọ. Àkàsà tí wọ́n gbé fún mi wà nínú ewé, bíi ti ilé. Obìnrin tó tà á fún mi béèrè àwọn ará Badagry lọ́wọ́ mi ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé àná ni òun kúrò níbẹ̀. Mo rò ó nínú ara mi pé, bí àjò bá rí báyìí, àjò dùn.

Kútọnu ló kọ́ mi ní nǹkan mìíràn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lórí pápá, mo bẹ̀rẹ̀, mo ń di okùn bàtà mi. Ẹnì kan ń pariwo: "Sẹ̀wánú! Sẹ̀wánú!" Mo ń di okùn mi lọ. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà tí mo gbójú sókè, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń wò mí, kóòṣì sì dúró gbagidi lórí mi.

"Ṣé etí rẹ̀ di ni?" ó bi Mùsé.

Ìtìjú mú mi, mo sì yára parọ́. Mo ní omi ọ̀sà ló wọ etí mi. Àánú ṣe wọ́n. Èèyàn rere ni àwọn ará Kútọnu, wọn kì í fi àìsàn ẹlòmíràn ṣeré. Ìyá àgbà kan tó ń se oúnjẹ fún wa da òróró tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí mi létí fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ń kí mi pẹ̀lẹ́. Mo fi ẹ̀gbẹ́ kan dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wà ní èmi nìkan, mo máa ń pe orúkọ náà sí ara mi létí, mo sì máa ń dáhùn, títí ó fi mọ́ mi lára.

Omi àti ìròyìn ní Àbíjàn

Ẹgbẹ́ kan ní Àbíjàn ló gbà mí lẹ́yìn ọdún kan. N kò tíì jẹ oúnjẹ tó dùn bíi tibẹ̀ rí. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń rin, tí wọ́n á jẹ́ kó kan díẹ̀, tí wọ́n á fi ooru omi sè é títí á fi rí wóró-wóró. Àtìékẹ́ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á gé àlùbọ́sà àti ata tútù lé e lórí, wọ́n á fi ẹja òkun díndín tì í. Ọwọ́ la fi ń jẹ ẹ́, abọ́ kan náà la sì ń jẹ ẹ́ nínú.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tó wù mí, tó sì ń dẹ́rù bà mí. Bí àlejò bá wọlé, wọn kò ní bi í ní ohunkóhun. Wọ́n á fún un ní ìjókòó, wọ́n á bu omi fún un. Ìgbà tó bá mumi tán ni àgbà ilé á tó wí pé: "Ó yá, kí ni ìròyìn?" Ìgbà náà ni àlejò á sọ ẹni tó jẹ́, ibi tó ti ń bọ̀ àti ohun tó bá wá. Kò sí bí a ṣe lè kánjú sọ ọ́, kò sì sí bí a ṣe lè yẹ̀ ẹ́. Nínú gbogbo ilé tí mo wọ̀ ní Àbíjàn, mo mu omi tútù àwọn ènìyàn yìí, mo gbé ife sílẹ̀, mo wo ojú àgbà, mo sì ní: "Sẹ̀wánú ni mí, ọmọ ọdún méjìlélógún."

Olórí ẹgbẹ́ wa jẹ́ ọmọ Kámẹ́rúùnù, ọkùnrin gìrìwò kan tó ń jẹ́ Bọ́nífásì. Lọ́jọ́ ìbí àbúrò mi, wọ́n mú mi dúró láàárín pápá, wọ́n da omi àti ìyẹ̀fun lé mi lórí bí wọ́n ti ń ṣe fún ọlọ́jọ́ ìbí níbẹ̀. Wọ́n jó yí mi ká. Nígbà tí wọ́n tú ká, Bọ́nífásì fi aṣọ ìnura nù mí lórí, ó rọra fa irun kan tu.

"Bàbá, ẹ kú ọjọ́ ìbí," ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Irun yìí funfun o, kì í ṣe ìyẹ̀fun."

Mo yára fi ọwọ́ bo orí mi.

"Fọkàn balẹ̀," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ti ń jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó ti pẹ́. Ìwé ta lo fi wá?"

"Ti àbúrò mi."

"Ó ti kú?"

"Rárá o! Ó wà láyè. Olùkọ́ ni."

Bọ́nífásì ká aṣọ ìnura rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Tèmi ti kú kí n tó mú ìwé rẹ̀. Òkú kì í béèrè nǹkan. Ti alààyè, arákùnrin, wàá dá a padà o."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún méjì tí mo dá fún Sẹ̀wánú ti pé nígbà náà. Ọdún kẹta ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé Màdáàmù Rósà

Òjò ni mo bá ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ìlú kékeré ni, bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé ibẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn wà ní títì. Bí o bá kí wọn, ojú ọjọ́ ni wọ́n á fi dá ọ lóhùn: òjò ń bọ̀, òjò ti dá, òtútù pọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ìyá mi wà láyè. Ó kọ́kọ́ dùn mí. Nígbà tó yá, mo rí i pé ó rọ̀ mí lọ́rùn. Níbi tí wọn kì í ti í béèrè ìròyìn, irọ́ kì í wúwo.

Lórí pápá, àwọn kan nínú òǹwòran máa ń dún bí ọ̀bọ bí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ mi. Mo mọ bí a ṣe ń gbé èébú mì. Ohun tí n kò lè gbé mì ni pé wọ́n máa ń so orúkọ mọ́ ọn. Èmi ni wọ́n rí, èmi ni wọ́n ń bú, àmọ́ orúkọ ọmọkùnrin kan tó wà ní Ìwòrò, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní a-b-d, ni wọ́n ń fà ya lẹ́nu.

Opó kan ni mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, Màdáàmù Rósà. Ó máa ń bọ ẹran inú ìkarahun dúdú kan pẹ̀lú àlùbọ́sà nínú ìkòkò ńlá, ó jọ èyí tí àwọn obìnrin wa ń ṣà létí ọ̀sà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́, mo fi ìkarahun kan fa ẹran inú èkejì yọ bí a ti ń ṣe nílé. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní ta ló kọ́ mi. Lálaalẹ́ kí n tó sùn, á gbé ife mílíìkì gbígbóná síwájú mi.

"Mu ún tán, ọmọ mi. Eegun rẹ ṣì ń dàgbà."

Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo mu ún tán.

Nínú ọdún kejì mi níbẹ̀ ni lẹ́tà Sẹ̀wánú dé. Mo ṣì mọ̀ ọ́n sórí:

"Fòfó mi, mo kí yín o. Màmá ń kí yín. Ìjọba ti ní kí gbogbo olùkọ́ mú ojúlówó ìwé wọn wá fún àyẹ̀wò. Mo mú ẹ̀dà lọ, wọn ò gbà á. Ẹni tí kò bá mú ojúlówó wá láàárín oṣù mẹ́ta á fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé mi ránṣẹ́. Bí mo bá ti fi hàn wọ́n tán, màá dá a padà sí yín. Àbúrò yín, Sẹ̀wánú."

Ẹ wo ohun tó kọ. Ìwé tirẹ̀, ó ní òun á dá a padà sí mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ kan ní Tọ́kì ní àwọn fẹ́ mi. Wọ́n fẹ́ rí ojúlówó ìwé kí oṣù náà tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn á mú ẹlòmíràn. Ìwé náà wà nínú àpótí mi, lábẹ́ àwọn ìbọ̀sẹ̀, nínú ọ̀rá tí Sẹ̀wánú fi wé e. Mo mú un jáde. Mo gbé e lé orí tábìlì, mo gbé lẹ́tà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo jókòó tì wọ́n láti òwúrọ̀ títí mílíìkì fi dé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìdààmú ló mú òun hùwà ìkà, ẹ bi í bóyá ó ní tábìlì àti ọjọ́ odindi kan láti fi rò ó. Èmi ní in.

Mo kọ̀wé padà. Mo ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ló ti ìwé náà mọ́ àpótí irin, pé mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò gbà.

Màdáàmù Rósà ló bá mi fi sítáǹbù sí i, ó sì da àdírẹ́sì tó wà lára rẹ̀, tí n kò fi orúkọ sí, kọ sínú ìwé ilé tirẹ̀. "Ta lò ń kọ̀wé sí?"

"Àbúrò mi ni."

"Mi ò mọ̀ pé o ní àbúrò! Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mo fi àtàǹpàkò tẹ sítáǹbù náà mọ́lẹ̀. Orúkọ àbúrò mi ni ó fi ń pè mí lójoojúmọ́. Orúkọ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi.

"Mautin," mo ní.

Mautin ni orúkọ tí bàbá mi sọ mí.

Ìlú tó mọ àgbà

Nínú gbogbo ibi tí mo dé, Tọ́kì ló jọ ilé jù lọ, ibẹ̀ náà lojú ti tì mí jù. Etí òkun ni ìlú náà wà. Tíì pupa inú ife kékeré kì í tán lọ́wọ́ wọn, ẹni tí o kò mọ̀ rí á fi ọ̀bẹ gé èso rẹ̀ sí méjì, á na ìlàjì sí ọ. Ara wọn kò gbà kí àgbà wọlé kí ọmọdé má dìde. Bí wọ́n bá ń ṣọdún, ọ̀dọ́ á fẹnu ko ọwọ́ àgbà, á gbé ọwọ́ náà kan iwájú orí. Wọn kì í pe ẹni tó bá jù wọ́n lọ lórúkọ lásán. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi kún un, bí àwa ti ń pe Fòfó.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìwé mi pè mí, mo sì ti pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Èmi ni mo ń dìde fún àwọn ọmọ tí mo lè rán níṣẹ́. Èmi ni mo ń bu tíì fún ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, tí mo ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ ọdún kan, mo tẹ̀, mo fẹnu ko ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n fún ẹgbẹ́ wa, ọmọ tí n bá lù ká ní Ajara ló ti na ọwọ́ rẹ̀ sí mi bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà fi ọwọ́ gbá mi léjìká. "O gbẹ̀kọ́," ó ní. "Ilé rẹ kọ́ ọ dáadáa."

Ibẹ̀ ni èsì Sẹ̀wánú ti bá mi. Kò gùn rárá. "Ó dáa, Fòfó. Wọ́n ti dá wa dúró. Mo ti wà pẹ̀lú àwọn tó ń fa àwọ̀n létí òkun. Ẹ má dààmú." Mo yí ìwé náà padà, mo ń wá ẹ̀gàn lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí. Ká ní ó bú mi, n bá rí nǹkan dì mú.

Lẹ́yìn ọdún méjì, orúnkún mi wú. Dókítà gbé àwòrán eegun mi sójú iná.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n."

Ó wò mí lókè, ó wò mí nísàlẹ̀. "Ìwọ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúnkún yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ."

Bí mo ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni mo rántí pé mo ti sọ iye ọdún yẹn kan náà fún Mùsé ní Apá. Òótọ́ ni lọ́jọ́ náà.

Mo tún lọ sí erékùṣù kan fún ọdún kan ààbọ̀, orí àga ẹ̀gbẹ́ pápá ni mo ti lò ó, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ pè mí wọlé gbá bọ́ọ̀lù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi lẹ́tà sọ fún mi pé ìyá wa ti kú, wọ́n sì ti sin ín. Mo di ẹrù mi.

Abọ́ ẹja

Ológun mìíràn ló wà lórí oyè nígbà tí mo padà. Ní ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà Badagry, ṣọ́jà kan ka orúkọ inú ìwé ìrìnnà mi, ó yọ orí sí mi. "Sẹ̀wánú! Ẹ̀yin la máa ń gbọ́ lórí rédíò!" Ó ní kí wọ́n gbé igi kúrò lọ́nà. Ní Ajara, ènìyàn kún iwájú ilé, wọ́n ń hó orúkọ kan náà. Àwọn àgbà tó mọ̀ mí láti kékeré ń fi ojú bá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ń hó pẹ̀lú wọn. Wọ́n rò pé ọlá ni.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wá ní: "Ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ pe Àbúrò Sẹ̀wánú létí òkun."

"Ta ni yẹn?" mo bi í.

"Àbúrò yín kẹ̀! Ọ̀gbẹ́ni tó máa ń fa àwọ̀n. Bí a ṣe ń pè é nìyẹn."

Mo jókòó sórí àpótí mi.

Ó dé pẹ̀lú iyanrìn lẹ́sẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi níwájú gbogbo wọn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti le bí èèpo igi. "Fòfó, ẹ káàbọ̀. Ẹ mà ti rù o. Wọn ò ṣe oúnjẹ gidi fún yín." Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ ẹja yíyan àti àkàsà wá.

N kò lè fi ìwé náà lé e lọ́wọ́ kí n sì wo ojú rẹ̀. Mo jẹ ẹja tán, mo fọ abọ́, mo nù ún gbẹ, mo sì gbé ìwé méjèèjì sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá wọn. Mo dúró dìgbà tí mo mọ̀ pé ó ti lọ sí òkun, mo lọ gbé abọ́ náà fún ìyàwó rẹ̀, mo yára kúrò níbẹ̀ bí olè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó wá bá mi. "Fòfó, ẹ jẹ́ ká re òkun."

A fi ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà, a rìn láàárín àgbọn dé etí òkun. Ìlà méjì ni wọ́n tò, wọ́n ń fa okùn àwọ̀n. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá di okùn mú ní ìpín nínú ẹja, ìbáà ṣe àlejò. Sẹ̀wánú mú mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìlà, ó yọ ọ̀rá náà nínú àpò.

"Ẹ ò jẹ́ kí omi kàn án lóòótọ́," ó ní. "Ó ṣì mọ́ tónítóní."

"Sẹ̀wánú, mo parọ́ fún ọ. Ìwé yẹn ò sí lọ́wọ́ ọ́fíìsì kankan. Inú àpótí mi ló wà."

"Lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀. Mo mọ̀."

Okùn fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ mi. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìyá òyìnbó yín. Ó fi káàdì Kérésì ránṣẹ́ lédè Faransé, Mùsé ló bá mi kà á. Ó ní òun ló bá Sẹ̀wánú di ẹrù rẹ̀ lọ sí Tọ́kì, òun sì fi ìwé rẹ̀ sábẹ́ ìbọ̀sẹ̀ kí ọ̀rinrin má baà bà á jẹ́." Ó fa okùn, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mautin ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn káàdì. Mo kọ́kọ́ fi í pamọ́ dè yín, mo rò pé tiyín ni. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé èmi ni Mautin."

"Kí ló dé tí o ò sọ nǹkan kan?"

"Màmá ṣì wà láyè. Kí ni mo fẹ́ sọ tí etí rẹ̀ ò ní gbọ́?"

Ó fi ọ̀rá náà sínú àpò mi, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Ẹ gbà á. Òkun kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ pè mí lórúkọ, Fòfó. Ìyẹn ni mo fẹ́."

"Sẹ̀wánú," mo ní.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ pè mí bí ìgbà tí mo bá wà lódìkejì ọ̀sà."

Mo mí kanlẹ̀, mo sì pariwo rẹ̀. Gbogbo ìlà yíjú sí mi. Obìnrin kan tó dúró ti apẹ̀rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ wá wo bàbá oníbọ́ọ̀lù, ó ń pe ara ẹ̀!"

"Ẹ̀ẹ̀n, Fòfó!" ni àbúrò mi dáhùn, ohùn rẹ̀ ga ju tèmi lọ.

"Òun ni Sẹ̀wánú," mo wí fún wọn. "Òun gan-an ni. Mautin lèmi. Mo yá orúkọ rẹ̀ ni, n kò dá a padà."

Wọ́n wò mí, wọ́n wò ó. Àgbàlagbà kan níwájú ìlà tu itọ́ sí iyanrìn. "Ẹ fa okùn jàre! Ẹja ń lọ!"

A fà á. Ó wọlé nígbà tí oòrùn ti mú, ẹja rẹ̀ ń tàn bí ṣílè tuntun. Obìnrin alápẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín in fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti tò. Ó pe èyí, ó pe tọ̀hún. Nígbà tó kàn wá, ó gbé ẹja méjì sókè, ó pè:

"Sẹ̀wánú!"

Mo ti na ọwọ́ kí n tó rántí.